Ẹlẹ́dẹ̀ Pàápàá Ní Bébà Tirẹ̀

Mi ò jókòó! Telesia, ká ẹní ẹ kúrò nílẹ̀, mi ò jókòó nínú ilé yìí lónìí! Èmi Vaelua, àbúrò bàbá rẹ, tí mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn nínú òjò lọ sílé ìwòsàn nígbà tí ibà fẹ́ gbé ọ lọ, èmi lo ṣe báyìí sí? Háà! Ayé mà le o!

Má bi mí pé kí lo ṣe. Wo òpó ilé yín! Ilé olópòó tí kò ní ògiri, bí gbogbo ilé abúlé wa, tí gbogbo ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń rí inú ẹ̀, ibẹ̀ lo lẹ bébà sí bí ẹni ń polówó ọjà. Tísà yín ní kí ẹ so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kó má baà fò lọ lórí yín lọ́jọ́ ìdánwò iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ó dáa, mo gbọ́. Ìwọ náà lo sì túmọ̀ wọn fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ àìrígbẹ́yà, o kọ Díákónì Fereti sí i, nítorí bí ojú ẹ̀ ṣe máa ń le tó bá ń gbàdúrà. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí! Ìyàwó pásítọ̀ ni ahun, ta ló fẹ́ jiyàn? Pelenato ni ẹsẹ̀ wíwú. Alágídí, adití, ẹni tí ń sùn níbi tí kò yẹ, gbogbo abúlé ló pé síbẹ̀. Mo wá orúkọ mi láti òpó dé òpó, mo tiẹ̀ ṣí bébà wo lẹ́yìn. Mi ò rí nǹkan kan!

Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ẹlẹ́dẹ̀ yín, Telesia! O ní òun ni ebi, o wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òpó iwájú, níbi tí àwọn agbẹnusọ ń fẹ̀yìn tì tí àwọn ìjòyè bá pàdé! Ẹlẹ́dẹ̀ wà nípò agbẹnusọ, èmi ò rí ibì kankan wà! Losa ẹlẹ́nu ṣọ́nṣọ́ pàdé mi nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, ó ní, "Vaelua, èwo ni tìrẹ?" Kí ni kí n wí? Mo gbé garawa, mo sá!

O máa yege, o máa wọ bàálù lọ sí Niu Sílándì, o máa máa wẹ àwọn arúgbó wọn. Gbogbo ìgbà tí o bá lanu sọ Gẹ̀ẹ́sì, o máa rántí Fereti, o máa rántí ẹlẹ́dẹ̀. Èmi ńkọ́? Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe bébà. O sì mọ̀ pé èpè àbúrò bàbá tó jẹ́ obìnrin kì í bọ́ sílẹ̀ lásán lọ́dọ̀ wa o! Mi ò tíì ṣépè, ṣùgbọ́n ó ti dé orí ahọ́n mi.

Kí lo wí? Gbé ohùn sókè.

O ní ohun tí o lè gbàgbé nìkan lo ń kọ.

Hẹn.

Ọmọ burúkú. Wò ó bó ṣe fẹ́ pa mí lẹ́kún! Níbo ni ẹní yẹn wà? Tẹ́ ẹ, kí n jókòó.

Ṣùgbọ́n Losa kò mọ̀ bẹ́ẹ̀! Mú bébà, èyí tó fẹ̀ jù. Kọ "Vaelua" sí i, má fi ọ̀rọ̀ kankan tì í, lẹ́tà gàdàgbà, kó lè kà á láti ìdí ẹ̀rọ omi. Òpó iwájú ni o! Dúró, má ya ti ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀túnla ni ìdánwò. Ní kó sún sẹ́yìn fún mi.