Fèrèsé Àlàájì Bùsárì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ọba tó dá wa láìgba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wa, tó sì pàṣẹ pé kí àwa máa gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ara wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin jamọ́ọ̀, ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn gàgá, ẹ̀yin ará wa onígbàgbọ́ tí ẹ wá bá wa jókòó nítorí ilé tí a fẹ́ kọ́ fún àwọn tí kò rí ibi sùn, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ mi ò gùn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe oore fún èèyàn, kó kọ́kọ́ bi èèyàn. Ó tán. Ẹ lè máa lọ sílé.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ jókòó. Bó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ ni, Àlàájì Bùsárì ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Pákó ni Àlàájì Bùsárì ń tà, ní ìlú kan tí n kò ní í dárúkọ, torí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, wọ́n sì ń gbọ́ rédíò. Ọlọ́run fún un lówó, Ó fún un láàánú. Etí nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Ní Òkè-Ìrókò, àdúgbò rẹ̀, àwọn kan ń sùn sábẹ́ ìsọ̀ ọjà: ẹni tí ilé rẹ̀ wó, ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ tí kò wẹ̀yìn wò. Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Sínótù, opó kan. Òjò ọdún tó kọjá ló wó ilé alámọ̀ rẹ̀, ikọ́ sì ti mú un lábẹ́ ìsọ̀. Gbogbo ohun tí ìyá yìí ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju kí òjò tó ń bọ̀ má bá òun níta.

Àlàájì rí wọn, àánú wọn ṣe é. Ó ra ilẹ̀, ó ní òun á kọ́lé fún wọn nítorí Ọlọ́run. Àlùbáríkà! Ìyàwó rẹ̀ ní, "Àlàájì mi, ṣé ẹ ti bi àwọn ará àdúgbò? Ṣé ẹ ti bi àwọn tó máa gbébẹ̀ gan-an?"

Àlàájì ní, "Ṣé wọ́n máa ń bi ẹni tí ebi ń pa bóyá ó fẹ́ jẹun ni?"

Ó gbọ́n, àbí? Bàbá tó ń mi orí lábẹ́ fáànù yẹn, ẹ má tíì mi orí. Lóòótọ́, wọn kì í bi ẹni ebi ń pa bóyá ó fẹ́ jẹun. Àmọ́ ṣé ẹ ò ní bi í bóyá ọgbẹ́ inú rẹ̀ gba ata?

Ó kọ́lé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ro ó dáadáa o. Ó ní kí àwọn obìnrin wà nísàlẹ̀, kí àwọn ìyá arúgbó má bàa máa gun àtẹ̀gùn. Kí àwọn ọkùnrin wà lókè, kí gbogbo fèrèsé òkè sì kọjú sí gábàsì níbi tí à ń kọjú sí kírun, kí ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ lè jí wọn sí ìrun Àsùbáà. Ẹ̀sìn ló fi ya ilé, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣì í.

Kí ló wà ní gábàsì ilé yẹn? Ilé Àfáà Sàlíù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ẹlẹ́hàá sì ni àwọn ìyàwó Àfáà. Ẹ̀yin ará wa tí kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ jẹ́ n là á yé yín: ẹlẹ́hàá kì í jẹ́ kí ọkùnrin ìta rí òun. Bó bá máa jáde, á bora látòkè délẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣí ojú, tó ti ń fọṣọ, tó ti ń dirun, tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i lára. Ẹ̀yìnkùlé yìí ni Àlàájì wa kọjú fèrèsé àwọn ọkùnrin sí.

Gbogbo Òkè-Ìrókò ló mọ̀. Ta ló bi wọ́n?

Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń fi férémù fèrèsé sókè, Ìyá Sínótù tọ Àlàájì lọ. "Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan..." Kó tó la ẹnu tán, Àlàájì ti ki ọwọ́ bọ àpò, ó ti fi owó lé e lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ ṣe àdúrà fún wa." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó rò pé ìyá fẹ́ tọrọ owó ni! Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí a bá ti kà sí alágbe, a kì í gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ṣíṣí ilé pé. Wọ́n pa màlúù. Àlàájì dé nínú agbádá funfun, ó bá Àfáà Sàlíù àti àwọn ará àdúgbò tí wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n jókòó.

"Àfáà, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"A jókòó ni, Àlàájì. Ẹnikẹ́ni ò ní í wọlé yìí."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ̀ ń dí lọ́wọ́ yẹn o!"

"Ẹ ṣí àwọn ìyàwó mi sílẹ̀ fún gbogbo ayé wò, ẹ wá ń pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run? Ó dáa."

Inú bí Àlàájì. Kò tilẹ̀ bèèrè ohun tí wọ́n ń wí. Ó ní ìlara ni, ó ní wọn ò fẹ́ kí tálákà sún mọ́ wọn ni. Ó ti ilẹ̀kùn pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní kì í ṣe òun ló máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ilé wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ilé, àwọn tó nilé wà níta. Nígbà tí alágídí méjì bá pàdé, ta ni òjò máa pa? Ṣé Àlàájì ni? Ṣé Àfáà ni?

Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun tìjì. Ó ká páànù ìsọ̀ lọ. Ìyá Sínótù sáré lọ síbi ilé tuntun, ó ń lu ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́. Ta ló máa ṣí i? Ó rọra jókòó sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò, ó ń wúkọ́. Ni ohùn obìnrin kan bá dún lẹ́yìn ògiri: "Àfáà! Àfáà o! Ta ló ń wúkọ́ báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wọlé!" Ẹlẹ́hàá ni o! Ẹni tí fèrèsé dójú tì gan-an ni ikọ́ ìyá ká lára. Àfáà sáré jáde, ó fi ẹní bo ìyá, ó mú un wọlé rẹ̀.

Àlàájì gbọ́, ó wá kí ìyá nílé Àfáà lọ́jọ́ kejì. Ó bá a lórí àkéte, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Àfáà ní kí àwọn ìyàwó òun wọ yàrá, ó mú Àlàájì lọ sẹ́yìnkùlé, ó ní, "Ẹ wòkè." Àlàájì gbójú sókè. Fèrèsé rẹ̀ tò lọ rẹrẹ, gbogbo wọn ń wò ó. Ó fa agbádá bo ara rẹ̀ láìmọ̀. Ojú tì í.

Ó padà sọ́dọ̀ ìyá. "Ìyá, ṣebí ẹ̀yin mọ ilé yìí. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

Ìyá Sínótù wò ó. "Mo wá sọ ọ́, Àlàájì. Ẹ fún mi lówó."

Sùbúhánàláà! Àlàájì wólẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ náà ni wọ́n tẹ́ ẹní láti jọ gbìmọ̀. Àfáà wá, àwọn ará àdúgbò wá, àwọn tó ń sùn lábẹ́ ìsọ̀ náà wá. Wọ́n dí fèrèsé gábàsì pa, wọ́n la òmíràn sí ojú títì. Ìyá Sínótù ní, "Ibi ìdáná dà? Àbí a óò máa na àwo bí ẹlẹ́wọ̀n ni?" Wọ́n kọ́ ibi ìdáná. Kí òjò ńlá mìíràn tó rọ̀, ìyá ti wà lábẹ́ òrùlé. Àmọ́ ikọ́ òjò yẹn ò lọ mọ́. Bí Àlàájì bá ń kọjá, á máa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí àwòrán ilé tí ẹ yà. Ó rẹwà. Ẹ ká a sílẹ̀ ná. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. A máa ṣe é, yóò sì dáa, bí a bá ti bèèrè. Kí Ọlọ́run fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Kí Ó fún wa ní etí tó gùn ju ọwọ́ wa lọ. Kó má jẹ́ kí oore wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí a ṣe é fún. Ẹ ṣe àmín.

Ó yá. Bàbá tó dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń sùn sí fàráńdà wa láti ọjọ́ yìí, ẹ máa bọ̀ níwájú, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ yàgò fún wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò o.