Wọ́n Ní Kí N Kúnlẹ̀ Nítorí Bàálù Tí Kò Fò Rárá

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi o! Ẹ má tíì ní kí n ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná. Yàrá kan ṣoṣo tí ìyá mi ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ni mo wà báyìí, èmi tí mo nílé ọkọ. Ọmọbìnrin mi wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, wọn ò jẹ́ kí n fojú kàn án. Kí ni mo ṣe? Ṣé mo jalè ni, àbí mo yan àlè? Wọ́n ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi níwájú àlejò. Wọ́n ní àfi kí n kúnlẹ̀ lójú mọ̀lẹ́bí, kí n sì lọ sọ fún àwọn àlejò yẹn pé ọwọ́ mi ló ṣì. Bí n kò bá sọ ọ́, kí n gbàgbé ilé ọkọ, kí n gbàgbé ọmọ. Ọwọ́ mi ò ṣì o! Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí ìjọba ti kó lọ sí Àbújá tán, tí bàálù aládàáni wá pọ̀ lójú sánmà, wọ́n fẹ́ yí ọ̀nà tí bàálù ń gbà wọ Èkó padà. Àwọn tó bá gba orí òkun wá máa kọjá lórí Marine Beach àti Àpápá kí wọ́n tó forí lé Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi bàálù tí èèyàn kún inú rẹ̀ dán ọ̀nà tuntun wò? Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kan fi háyà ilé alájà méjì ní Àpápá, tí wọ́n kó kọ̀m̀pútà síbẹ̀. Ẹni tó ń darí bàálù máa jókòó sí yàrá kan, bàálù á máa rìn lójú ẹ̀rọ bí iná kéékèèké, bí bàálù gidi ṣe ń rìn gẹ́lẹ́, kò yá jù, kò pẹ́ jù. Yàrá kejì ni àwa tí wọ́n gbà síṣẹ́ wà, àwa la dà bí awakọ̀ bàálù. Ohun tí adarí bá sọ sí wa létí la gbọ́dọ̀ ṣe. Bó bá ṣì í sọ, kí á ṣe àṣìṣe yẹn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà nìyẹn! Kò sẹ́ni tó ń kú lójú ẹ̀rọ, ibẹ̀ ló yẹ kí á ti rí aburú.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni olórí wa níbẹ̀. Òun ló mú mi wọṣẹ́, n kò ní purọ́. Òun ló ya ọ̀nà tuntun náà, òun náà ló tún gbé ara rẹ̀ jókòó sórí àga adarí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni, ọkọ ẹni ni. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí wọn nílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe. Bí bàálù bá ti pọ̀ jù fún Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n ní kí ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ síbi tí òmíràn wà, ẹni tó ń wà á á dáhùn pé, “Yẹ́sà,” ṣùgbọ́n kò ní sọ̀kalẹ̀. Á rọra fà á sẹ́yìn títí èyí tó wà nísàlẹ̀ á fi kọjá. Wọ́n ń bo àgbà láṣìírí! Mo bi wọ́n pé awakọ̀ gidi tó ń bọ̀ láti Wàrí, tí kò mọ Bọ̀ọ̀dá rí, ṣé òun náà á bò wọ́n ni? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Madam, na your husband people o. Ṣé ìwọ lo máa tú aṣọ lára àgbà?”

Ọjọ́ tí àwọn àlejò tó máa fọwọ́ sí ọ̀nà náà wá wò ó, bàálù tó ń ti òkun bọ̀ bọ́ sọ́wọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n yà sọ́tùn-ún. Mo rí òmíràn níbẹ̀ kedere. Mo tún bi wọ́n, bóyá wọ́n á rántí. Wọ́n jágbe mọ́ mi pé, “Mo ní sọ̀kalẹ̀!” Mo sọ̀kalẹ̀. Iná méjèèjì di ọ̀kan lórí Àpápá, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Èmi òmùgọ̀ rò pé wọ́n á ní, ó ṣeun tí a rí i, ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀nà yìí yà. Háà! Bọ̀ọ̀dá jáde, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, èmi lo ṣe báyìí sí?” Wọ́n yíjú sí àwọn àlejò, wọ́n ní èmi ni mo ṣi ẹ̀rọ tẹ̀. Gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi sì ní bẹ́ẹ̀ ni! Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn àlejò ní àfi kí àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo wà á kí àwọn tó fọwọ́ sí i. Kí n tó délé, ìyá ọkọ mi ti gbọ́, wọ́n ti gbé ọmọ lọ, ẹrù mi sì ti wà níta.

Ìyá mi ń sunkún, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, pé ìkúnlẹ̀ kì í pa obìnrin. Àwọn tó máa wà nínú bàálù ńkọ́? Lánàá ni ọkọ mi, tó máa ń wọ bàálù lọ síbi iṣẹ́ ní Wàrí, wá. Inú mi dùn, mo rò pé ó wá mú mi lọ sílé. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, “Ìyá Tóyìn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Sọ pé ìwọ lo jẹ̀bi, kí ọmọ rẹ rí ẹ.” Mo gbé ife omi kúrò níwájú rẹ̀. Ó dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: “Tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà yẹn, ṣé kí n máa wọ mọ́tò lọ sí Wàrí ni?”

Ẹ gbọ́ o! Ó gbà mí gbọ́! Ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ, ó sì fẹ́ kí n kúnlẹ̀ purọ́, kí ọmọ ọlọ́mọ máa wọ bàálù, kí òun máa wọ mọ́tò. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ, ẹ dá mi lóhùn: ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n lè gba Tóyìn mi?