Alùpùpù Ọkọ Yín Ń Kan Ilẹ̀kùn

Rárá, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bẹ̀ mí, ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí àga yẹn, ẹ nu epo ara rẹ̀ kúrò kó má baà ba aṣọ yín jẹ́, kí ẹ gbọ́ tẹnu mi. Ọkọ yín tẹ́ mi. Níwájú gbogbo ẹbí, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nínú pálọ̀ àbúrò bàbá wa, tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi, wọ́n ní etí mi ti ń darúgbó. Èmi. Èmi tí gbogbo àdúgbò yìí ń pè ní Elétí, tí àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ mi máa ń pè lórí fóònù pé, “Elétí, jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ ẹ́ńjìnnì yìí,” tí wọ́n á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí màá sì sọ ohun tó ń ṣe é láìdìde lórí ìjókòó. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń fi etí yìí jẹun, ẹnì kankan ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí, àfi tíṣà yín.

Ẹ ní àwàdà ni wọ́n ń ṣe? Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká yín ń gbọ̀n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Àìkú yẹn ni wọ́n gbé alùpùpù ọ̀hún wá síbí, alùpùpù agun-òkè tí wọ́n rà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin wá ń gùn ún kiri bí ọmọ ogún ọdún. Wọ́n ní ó ń dún. Mo ní báwo ló ṣe ń dún, wọ́n ní ó ṣáà ń dún. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Mo ní, “Sà, ṣé kọ̀-kọ̀-kọ̀ ni, àbí ṣàrà-ṣàrà, àbí rìrìrì?” Wọ́n wò mí bí ẹni pé orin ni mò ń kọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bó bá jẹ́ ṣàrà-ṣàrà, ṣéènì ló dẹ̀. Bó bá jẹ́ fíín, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan. Ṣùgbọ́n kọ̀-kọ̀-kọ̀ tó ń dún nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, tó wá ń rọlẹ̀ bó bá ti ń gbóná, písítìnì nìyẹn, ilé rẹ̀ ti fẹ̀ jù fún un, ó ń kan ilẹ̀kùn láti inú. Ẹni tí kò gbọ́ tẹnu ẹgà ló ní ẹgà ń pàtótó.

Mi ò sì kánjú o. Mo kọ́kọ́ fún gbogbo nọ́ọ̀tì le, torí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó dẹ̀ lè parọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà wò, ariwo ò yí padà. Mo wá fi ọ̀pá irin gbọọrọ yìí ti orí ẹ́ńjìnnì, mo fi ìdí rẹ̀ sí etí, mo dijú. Òkè ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ ni ariwo náà wà. Mo tú pọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i, ó funfun bí eérú, ó gbẹ táútáú, pọ́ọ̀gì tó yẹ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kó sì lọ́ràá. Mo ní, “Sà, ṣé ẹ ń po ọ́ìlì mọ́ epo bí mo ṣe wí, ife mẹ́rin sí kẹ́ẹ̀gì kan?” Torí irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú epo ló ti ń mu ọ́ìlì, kò ní ibòmíì tó ti ń rí i. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò?” Mo bá dá pọ́ọ̀gì padà sáyè rẹ̀. Èèyàn kì í pe àna rẹ̀ ní òpùrọ́.

Mo ṣáà ní kí wọ́n má gùn ún dé òkè. Mo ní bí písítìnì bá há síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, táyà ẹ̀yìn á gan, á gbé wọn ṣánlẹ̀. Ṣé èébú nìyẹn? Wọ́n ní ó dáa, wọ́n gbé e lọ sílé, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ṣe, ó ṣojú yín. Wọ́n tú sàlẹ́ńsà, wọ́n yọ gbogbo owú inú rẹ̀ tó ń gba ariwo mọ́ra dànù, alùpùpù wá ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù, igbe yẹn bo kọ̀-kọ̀-kọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wá wá sáàárín ẹbí pé ó ti dákẹ́. Ó ti dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo òpópónà ò gbọ́ ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, èmi tí mo rí ètè wá di ẹni tí etí rẹ̀ ti gbó.

Kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀? Mi ò bá yín jà. Mo kàn ní ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn ni kò yé mi. Ọkùnrin tó ń fi rúlà wọn búrẹ́dì kó tó gé e, báwo ló ṣe máa ṣi ife mẹ́rin kà?

Ẹ ní kí lẹ ṣe?

Ẹ dúró ná, ẹ tún un sọ. Èéfín rẹ̀ ń ba aṣọ àwọn oníbàárà yín jẹ́ lórí okùn. Mo gbọ́. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́, iṣẹ́ alágbàfọ̀ kì í ṣeré. Ẹ wá ní kí wọ́n dín ọ́ìlì kù kí èéfín lè dín kù. Sí mélòó? Ife kan. Látìgbà wo? Oṣù mẹ́ta.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi tó pọ̀n mí, ẹ jókòó sí pálọ̀ yẹn, ẹ mọ̀ pé ife kan ni wọ́n ń pò, wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín? Ẹ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ife kan yẹn àti kọ̀-kọ̀-kọ̀? Ẹ ò bá gbé okùn aṣọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìṣó méjì péré ni. Tíṣà náà ò sì fẹ́ kí ojú tì yín, wọ́n wá gbé gbogbo rẹ̀ lé etí mi lórí. Ó ń dùn mí, ó sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe.

Níbo gan-an ni wọ́n wà báyìí? Wọ́n gùn ún jáde? Sí ọ̀nà òkè, lọ dán an wò? Ẹ sì jókòó tì mí láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ ń sọ. Ẹ pè wọ́n. Wọn ò lè gbọ́ fóònù nínú ariwo yẹn, ẹ ṣáà pè wọ́n. Bí nǹkan kan bá ṣe ọkùnrin yẹn, mi ò ní lè dárí ji ara mi. Àwọn ló jókòó tì mí nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí jáàkì yọ̀ tí mọ́tò sọ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń ka ìwé ìròyìn fún mi, títí kan ìpolówó ọjà.

Ẹ dákẹ́. Àwọn nìyẹn, wọ́n ti ń bọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹ má tẹ́tí sí igbe yẹn, ẹ gbọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti kúrò ní kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó ti ń han. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ẹ́.

Há. Ó ti gan.

Ẹ jẹ́ kí n yọjú. Wọ́n dúró. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń wo ẹ́ńjìnnì bí ẹni tí ọmọ ilé ìwé já kulẹ̀. Olúwa mi, mo dúpẹ́. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe lórí òkè. Ẹ nu ojú yín, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n ti ń tì í bọ̀.

Màá tún un ṣe, ta ló tún fẹ́ bá wọn tún un ṣe? Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kan lára rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Nínú pálọ̀ kan náà, kí oúnjẹ tó dé, ẹ̀yin lẹ máa dìde, kì í ṣe ọkọ yín, ẹ máa sọ ti ife kan yẹn fún gbogbo ẹbí látòkè délẹ̀. Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ tiẹ̀ dìde báyìí, ẹ lọ bá wọn tì í, ó wúwo, ọ̀nà sì ti ń gòkè díẹ̀ níwájú wọn. Ẹ má bẹ̀rù aṣọ yín, kò lè rú èéfín mọ́.