Ìkúnlẹ̀ tí Mo Kúnlẹ̀ Nínú Ẹ̀wọ̀n Àwọn Ọba Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ bá mi wò ó, ṣé ìkúnlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè so odidi obìnrin mọ́lẹ̀? Èmi rèé ní Conyers, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, mi ò lè jáde ju wákàtí kan lọ. Aṣọ nọ́ọ̀sì mi ń gba eruku lára ògiri. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó ti ìwé nílé ìdáná, èmi nìkan, kí n tó yege. Oṣù méje péré ni mo fi ṣiṣẹ́ náà!

London ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní ká lọ kí Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àǹtí mú wa jáde. Láàárọ̀, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n sin àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì sí. Nígbà tó di ọ̀sán, a lọ sí ilé olódi àtijọ́ kan létí odò. Ẹsẹ̀ ń ro mí, síbẹ̀ mò ń yọ̀ bí ọmọdé. A sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá olókùúta tí wọ́n ń ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n mọ́ láyé ọjọ́un. Ibẹ̀ ni Àǹtí ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

"Ìyàwó wa, ṣé o gbádùn?"

"Gan-an ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Ó ti rẹ̀ mí o. Màmá ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Wàá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, wàá máa tọ́jú wọn. Ṣebí nọ́ọ̀sì tiwa ni ẹ́!"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí, jàre."

Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta tútù yẹn, àwọn òyìnbó ń wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí: ìyàwó ti gbà! Àṣé ọkọ mi ti parí ìwé tí Màmá máa fi wọ Amẹ́ríkà tipẹ́ láìsọ fún mi. Ìwà wo nìyẹn? Báyìí, bí mo bá ti ráhùn, wọ́n á gbé fóònù síta: "Ta ló kúnlẹ̀ níbí?" Màmá fúnra wọn, tí wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ṣé mi ò dí ọ lọ́wọ́?" Màá ní, "Rárá o, mà."

Mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ìjáde yẹn ni mo dúpẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni! Mo gbọ́ gbogbo ohun tí Àǹtí sọ kí orúnkún mi tó kanlẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti délé, màá sọ pé mi ò ṣe. Ó ti lé lọ́dún tí mo ti délé. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ ti pè, ó ní ààyè ṣí sílẹ̀, kí n fún òun lésì di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Rárá tí mi ò lè sọ nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú ìyá arúgbó tí kò ṣẹ̀ mí?