Ọṣẹ Mùínátù Kọ́ Ló Mú Ọkọ̀ Bu

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ má tíì dìde. Sísítà yóò pè yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti máa ń ṣe. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo ní ohun kan láti sọ, mo sì ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wà nínú mi láti ọdún 1977. N kò fẹ́ gbé e wọ ibojì. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, pé kí n lọ palẹ̀ ilé mi mọ́. Èmi Adébíyìí tí ẹ mọ̀ sí olùtọ́jú ọkọ̀ yìí, èrú ni mo fi gba iṣẹ́ náà. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Àwọn kan nínú yín lọ́wọ́ sí i.

Ẹ wo ọkọ̀ náà lẹ́yìn mi. Ilé ni, ẹsẹ̀ ni wọ́n kàn fún un: ìyàrá méjì, fèrèsé mẹ́fà, ibi ìdáná, àti ibùsùn tí Sísítà Mosúnmọ́lá ń sùn sí bí ó bá lọ tọ́jú àwọn aboyún ní oko tó jìnnà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Adó, ó funfun báláú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò mọ òjò Èkìtì. Rọ́bà funfun ló yí etí fèrèsé ká, irin pẹlẹbẹ tó ń dán ló sì bo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti so páànù pọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni a ń gbé e sí. Kí oṣù Kẹfà tó parí, gbogbo etí rẹ̀ ti bu. Èbu dúdú tò sára rọ́bà bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n ẹ̀tù sí i. Sísítà ní òun kò lè gbẹ̀bí nínú ohun tó rí báyẹn, àti pé bí èbu bá jẹ rọ́bà tán, omi yóò wọlé bá oògùn. Ó gba ènìyàn méjì. Ó fún mi ní apá ọ̀tún, ó fún Nọ́fíù ní apá òsì. Ó ní bí òjò bá dá, ẹni tí apá tirẹ̀ bá mọ́ jù ni yóò di olùtọ́jú ọkọ̀. Ẹnì kejì yóò máa lọ sílé.

Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Agbára oko ti tán lára mi. Bí n kò bá rí iṣẹ́ yẹn gbà, ẹnu ọ̀nà ọmọ ni n ó ti máa jókòó dúró de oúnjẹ. Nọ́fíù kò tíì pé ogójì. Ó ń kun ilé tẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Mo kórìíra rẹ̀ kí ó tó ṣe mí ní ohunkóhun.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́, àṣìṣe lásán ni. Mo wo rọ́bà náà, ó gbẹ, ó ń sán. Kí ni à ń fi pa ohun tó bá gbẹ? Àdín ni ìyá mi fi pa mí lára, òun náà lẹ fi pa àwọn ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ yín yìí. Mo ra ìgò àdín kan, mo fi pa gbogbo etí fèrèsé apá ọ̀tún. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dán. Lẹ́yìn náà eruku lẹ̀ mọ́ ọn, òjò rọ̀ lé eruku, nígbà tó sì máa fi pé ọjọ́ kẹwàá, èbu tó hù níbẹ̀ nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àdín ni ó ń jẹ. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sáré lọ sun èèpo kòkó, mo sẹ́ omi eérú rẹ̀, èyí tó le tó ń bó ìka, mo sì fi ń ha èbu náà. Èbu lọ lóòótọ́. Dídán irin náà bá a lọ. Ó di dúdú, ó ní àpá káàkiri. Ọjọ́ tí ẹ ń wọn ọmọ ni, bẹ́ǹṣì kún. Nọ́fíù yọ sí mi láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo irin, ó wo mí, ó ní: “Bàbá, ṣé ọkọ̀ lẹ ń fọ̀ ni, àbí ẹ̀gẹ́ lẹ ń bó?” Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní kí wọ́n wá garawa ńlá fún mi kí n lè rẹ ẹ́ fún fùfú. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú yín. Inú mi dúdú ju irin náà lọ.

Ohun tó yẹ kó tì mí lójú jù nìyí: ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Nọ́fíù wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní àwàdà ni, pé kí n má bínú. Ó mú mi lọ sí apá tirẹ̀, ó sì fi gbogbo ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ kó ewé kúrò ní etí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń ṣàn sórí rọ́bà tí kò jẹ́ kó gbẹ. Kí n po ọṣẹ dúdú díẹ̀ sínú omi púpọ̀, kí n fi aṣọ fọ̀ ọ́. Kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ibi tó bu, kí n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín họ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí n fi omi lásán ṣàn án, kí n fi àkísà nù ún gbẹ títí dé abẹ́ rọ́bà. Lẹ́yìn náà, kí n fi àbẹ́là funfun ra á, kí omi má lè dúró lórí rẹ̀. Ó ní bí a bá sì lè máa ti ọkọ̀ jáde kúrò lábẹ́ igi ní òwúrọ̀ kí oòrùn rí i, a ti ṣẹ́gun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà kan náà yẹn ni mo ń gbà tọ́jú ọkọ̀ yìí títí di òní tí ẹ ń yìn mí.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo tilẹ̀ fọ apá tèmi bẹ́ẹ̀, àpá irin kò ní lọ. Kò sí bí n ó ṣe mọ́ ju Nọ́fíù lọ, àyàfi bí òun bá dọ̀tí jù mí. Ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Nọ́fíù á wẹ̀, á lọ kírun Jímọ́ọ̀. Bí ó bá ti yí kọ́nà, n ó mú ìyẹ́ adìyẹ, n ó tì í bọ inú àdín, n ó gbé ẹnu rọ́bà rẹ̀ sókè, n ó fi ra abẹ́ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. N ó kó ewé máńgòrò padà sí etí òrùlé rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin ni mo ṣe é. Ó lọ gbàdúrà, mo dúró ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọwọ́ náà. Òun ni mo fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ yín bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀.

Apá òsì bu. Nọ́fíù fọ̀ ọ́, ó tún bu. Ó ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ó ń ra ọsàn, ojú rẹ̀ ń jìn. Sísítà bi mí pé kí ni mo rò. Mo ti múra ìdáhùn yẹn sílẹ̀. Ọṣẹ tí Nọ́fíù ń lò, Mùínátù ìyàwó rẹ̀ ló ń sè é. Ẹ̀yin àgbà inú yín rántí rẹ̀. Ìdí bẹ́ǹṣì yìí ló ń patẹ sí. Ọṣẹ rẹ̀ ni Sísítà fi ń wẹ ọmọ tuntun. Gbogbo ayé sì mọ̀ pé àdín wà nínú ọṣẹ dúdú. Mo ní kí Sísítà wo ọṣẹ náà dáadáa. Ẹnu mi kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ Monínúọlá oníbúrẹ́dì ni mo ti sọ èyí tó kù. Mo ní ọṣẹ tó mú irin bu, kí ni yóò ṣe fún awọ ọmọ ọwọ́? Monínúọlá ní òun náà ti ń fura. Kò fura sí nǹkan kan. Ìlara iye ènìyàn tó ń yí Mùínátù ká ló ń bá a jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni kò ra ọṣẹ lọ́wọ́ Mùínátù mọ́. Ẹ má mi orí sí mi. Ẹ̀yin lẹ da èyí tí ẹ ti rà sínú gọ́tà níwájú rẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó níbí lónìí gbé ọmọ rẹ̀ tó ní èélá wá, ó ní kí Mùínátù wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èmi ni mo purọ́, ẹ̀yin ni ẹ fi ẹsẹ̀ fún un.

Títí di ìgbà yẹn, Nọ́fíù dúró ti ìyàwó rẹ̀. Ó ń bá ènìyàn jà nítorí rẹ̀. N kò lérò pé yóò wá bá mi. Ó wá ní ọjọ́ Ajé kan, a ti ṣíwọ́, ó jókòó sórí garawa níwájú mi. Ó ní: “Bàbá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí, ẹ ò sì ní tàn mí. Ṣé ọṣẹ Mùínátù ni?”

Mo lè sọ pé n kò mọ̀. Ìyẹn ì bá tó fún mi láti gba iṣẹ́ náà, kì bá sì ba ilé wọn jẹ́. Mo ní: “Ọṣẹ ni.”

Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní: “Ó dá mi lójú. Mo ti kìlọ̀ fún un láti ìgbà tó ti ń bu. Ó ní àdín tó pọ̀ ló ń jẹ́ kó tà, pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan òun kọ́.”

N kò bá Mùínátù sọ ọ̀rọ̀ kankan rí ju ẹ kú àárọ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, gbólóhùn yẹn ló burú jù. Èyí tó ṣáájú, iṣẹ́ ni mo ń wá. Èyí, ẹni tó fọkàn tán mi ni mo gún. Nọ́fíù dìde, ó lọ sílé, ó fi igi orógùn fọ́ ìkòkò ọṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní Mùínátù ń búra pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún òun. Nọ́fíù ní ṣé àgbà bíi tèmi ni yóò purọ́. Ó lé e jáde kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán. Mo ń nu fèrèsé lọ́wọ́ nígbà tí Mùínátù kọjá níhìn-ín tó ń rìn lọ sí Ìjàn, ìlú bàbá rẹ̀, ẹrù lórí, Àìṣà ọmọ wọn, ọmọ oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn. Ó dúró, ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.” Mo dá a lóhùn. Mo tún gbàdúrà fún un pé kí ọ̀nà ó dára.

Òjò dá, Sísítà fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Nọ́fíù lọ sí Ìkàrẹ́, ó padà sídìí kíkun ilé. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n mú ìròyìn wá pé ó jábọ́ láti orí àkàbà, ó sì kú. Ó kú pẹ̀lú irọ́ mi lọ́kàn. Òun kò sí mọ́ tí n ó bẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjàn. Mùínátù ń bó ẹ̀gúsí. Kò se ọṣẹ mọ́ láti ìgbà náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìyẹ́ adìyẹ, Monínúọlá, ọ̀rọ̀ orí garawa. Kò dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, mo fi ikùn tó wú yìí dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní: “Ìwọ Adébíyìí.” Obìnrin tí mo lè bí ló pè mí bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi. “Mi ò ní ìdáríjì kankan nínú ulé yìí. Orí bẹ́ǹṣì lo ti ba orúkọ mi jẹ́. Padà síbẹ̀, kí o sọ ọ́ lójú wọn lọ́sàn-án gangan. Bí o bá fi ọ̀kan pamọ́, màá gbọ́.”

Mo bi í pé bí mo bá ṣe é, ṣé yóò forí jì mí. Ó ní: “Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?”

Mo ti ṣe é. N kò fi ọ̀kan pamọ́. Sísítà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọwọ́ ẹnìkan bá dára ju tiyín lọ, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tán síbẹ̀. Èmi kọ́ ọ, mo sì ṣìkà fún ẹni tó kọ́ mi. Mo mọ̀ yín; ẹ ti ń ronú àtilọ bá mi bẹ Mùínátù, kí ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ ní àgbà ni mo jẹ́, pé mo ń kú lọ. Ẹ má lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ti fi agídí gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí nítorí mi, ẹ má tún fi agídí gba ìdáríjì. Ẹni tó bá gba Ìjàn kọjá nínú yín, kí ó yà, kí ó kí i, kí ó sọ fún un pé ẹ gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kí olúkúlùkù bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.