Òdo Tí Wọ́n Ní Kí N Kọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ní sùúrù! Sùúrù wo? Ṣebí wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́? Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ ìsìn nílé ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí lẹ́jọ́ rí, àfi ọ̀sẹ̀ yìí tí ọ̀gá ilé ìwé wa mú mi dúró níwájú tábìlì bí olè!

Kí ni mo ṣe? Ìdánwò ni mo ṣe fáwọn ọmọ. Ìbéèrè kẹrin ní, "Ṣé Ọlọ́run máa ń gbọ́ àdúrà?" Gbogbo kíláàsì kọ "Bẹ́ẹ̀ ni," gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo, èyí tí ìyá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, ló kọ ọ́ pé, "Mo ṣì ń dúró." Mo fún un ní máàkì! Mo tún kọ "O káre" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn o!

Àṣé bàbá ọmọ tí òun àti ọmọbìnrin náà jọ ń jókòó rí ìwé náà, ló bá ní mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má gba Ọlọ́run gbọ́. Èmi! Èmi tí mo kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ọkọ mi títí orúnkún mi fi bó, síbẹ̀ tó ṣì kú, ṣé ẹ̀yin náà ò sí níbẹ̀ ni? Ọ̀gá ní ohun tí a bá kọ́ wọn ni kí wọ́n dá padà, ó parí. Háà! Ṣé àkọ́sórí ni ìgbàgbọ́ ni? Ọmọ tó sọ tinú rẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣé òun kọ́ ló ń gbàdúrà jù?

Látìgbà náà, bí mo bá wọ yàrá olùkọ́, tí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bí mo bá délé, ilé á pa lọ́lọ́. Ọkọ mi ni mo máa ń ro ẹjọ́ mi fún tẹ́lẹ̀. Mo dá wà, ẹ̀gbọ́n mi, mo dá wà gan-an ni!

Ẹ dúró ná, n kò tíì sọ èyí tó dùn mí jù. Wọ́n ní kí n fagi lé máàkì náà, kí n kọ òdo. Mo kọ ọ́! Ọwọ́ mi yìí náà ló kọ ọ́, torí kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà wo òdo, ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Kò sunkún o. Ó ní kí n yá òun ní bírò, ó fagi lé "Mo ṣì ń dúró," ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ẹ dá mi lóhùn: ta ló kọ́ ọmọ yẹn láti máa purọ́ fún Ọlọ́run?