Èmi Ni Mo Pààrọ̀ Káàdì Bọ̀dá Délé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Obìnrin ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tipẹ́, Festac ni mo sì ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò sọ fún pásítọ̀ mi, tí mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin títí ó fi kú. Mo ti rò pé n ó gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ ti padà wá sí tòsí mi, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè gbà mọ́.

N ó pè é ní Bọ̀dá Délé. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ńlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac ni ìjọba pín àwọn ilé ibẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́. Bíi tẹ́tẹ́ ni wọ́n ṣe é: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló nílé. Tèmi jáde. Àwọn ará ilé wa ní Ìjẹ̀bú yọ̀ títí, wọ́n ní mo ti di onílé l'Ékòó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilé lè tóbi ju èèyàn lọ.

Mi ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé ní Súrùlérè tẹ́lẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Títì Festac fẹ̀, iná ń tàn lórí òpó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé tó yí mi ká ló ṣì ṣófo, koríko sì ti ga níwájú wọn. Tí mo bá sín nínú pálọ̀, yàrá á dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń lọ sí Alákijà lọ ra ata tí mi ò nílò, kí n ṣáà lè rí ẹni bá mi ná ọjà.

Inú bọ́ọ̀sì ọ́fíìsì ni mo ti mọ Bọ̀dá Délé dáadáa. A jọ wà ní ẹ̀ka kan náà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òun wà lára àwọn tó ń kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Èmi ló ń wà nídìí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tí mò ń fún un ní téèpù àti káàdì. Òpópónà tó tẹ̀ lé tiwa ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo, Bọ́lá, ń gbé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ìyàwó rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ó ní, "Àbúrò, èmi ni Ìyá Bọ́lá. Ọkọ mi ní ìwọ nìkan lò ń gbé níbí. Ta ló ń dá jẹun lọ́jọ́ Àìkú? Wọ bàtà, ká lọ."

Bí mo ṣe di ará ilé wọn nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń jẹ ìrẹsì. Bọ́lá kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Orí itan mi ló máa ń jókòó sí, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà" ló ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ló wà láàárín èmi àti Bọ̀dá Délé. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò fi ojú ọkọ wò ó rí. Gbogbo ilé yẹn pátá ni mo fẹ́ràn.

Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe èyí tí ẹ ń gbé lé itan. Odidi yàrá ńlá ló gbà, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí i débi pé a máa ń wọ súwẹ́tà síṣẹ́ nínú oòrùn Èkó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, tó ń sọ fún un iṣẹ́ tó kàn àti ibi tó máa kó o sí. Ètò adarí ni n ó máa pè é níbí. Láìsí i, irin lásán ni kọ̀ǹpútà.

Àwọn tó ta kọ̀ǹpútà náà fún wa wá fi ètò adarí tuntun ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Wọ́n ní láìpẹ́ àwọn ò ní bá wa tún ti àtijọ́ ṣe mọ́ tó bá dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn ní ọ́fíìsì: ká gba tuntun, àbí ká dúró sórí èyí tá a mọ̀?

Ẹ̀rù tuntun ń ba ọ̀gá wa àgbà. Ó ní, "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò tíì jẹ́ kí owó oṣù pẹ́ rí. Tí tuntun bá wá dá wa dúró ńkọ́? Èmi làwọn òṣìṣẹ́ máa wá bá."

Bọ̀dá Délé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dìde lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Sà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èyí lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ń ṣe owó oṣù lọ́wọ́, ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa dúró. Tuntun lè ṣe méjèèjì pọ̀. Àwọn arúgbó yẹn ti dúró tó, sà."

Ọ̀gá ní ká dán an wò. Bọ̀dá Délé á tún àwọn ìlànà ṣe kí wọ́n bá tuntun mu, èmi á wà nídìí ẹ̀rọ, àwọn ọ̀gá á wá wò ó fúnra wọn. Tó bá yege, a ó gbà á, wọn á sì rán Bọ̀dá Délé lọ sí London fún ọdún kan láti lọ kọ́ ọ délẹ̀. Ó lè mú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání.

Ilé ìdáná ni Ìyá Bọ́lá ti sọ fún mi, ó ń yọ mọ́ínmọ́ín lórí iná. Ó ní, "Àbúrò, mo ti ra súwẹ́tà fún Bọ́lá o. Ìwọ ni n ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé yìí lé lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà." Ṣùgbọ́n mo fi oúnjẹ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ láìjẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mò ń padà sílé, mo wo àwọn ilé tó ṣófo ní apá ọ̀tún àti apá òsì, mo ní láìpẹ́ tiwọn náà á ṣófo. Odidi ọdún kan. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n á tiẹ̀ padà?

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ pé mi ò gbèrò rẹ̀. Mo dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà pẹ̀lú ọkàn rere. Mo kọ́kọ́ dá ṣe iṣẹ́ náà lórí ètò tuntun, kí n lè mọ̀ bó ṣe máa rí kí àwọn ọ̀gá tó dé. Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣe é tán wéré, mo fi èsì rẹ̀ wé ti àtijọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Bọ̀dá Délé ti sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé àwọn ọ̀gá nísàlẹ̀.

Káàdì páálí oníhò la fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá Délé ti to tirẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn sínú àwo tí ẹ̀rọ ti máa ń kà wọ́n. Wọn ò gbọ́dọ̀ ṣáájú ara wọn. Mo dúró tì wọ́n. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Mo fa méjì yọ, mo sì pààrọ̀ àyè wọn.

Kò pẹ́ ju kéèyàn nu ojú lọ.

Àwọn ọ̀gá wọlé, wọ́n dúró yí ẹ̀rọ ká. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó kà díẹ̀, ó dá dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ ìlà kan jáde pé àṣìṣe wà, ó dákẹ́.

Bọ̀dá Délé lọ sídìí káàdì. Ó yẹ̀ wọ́n wò. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí méjì yẹn. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì ni mo ṣì tò. Èmi ni mo tò ó. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

Ọ̀gá àgbà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Èmi ló kọjú sí. "Madam, ìwọ lo wà nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀. Ṣé ó ṣiṣẹ́ kí a tó dé?"

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni. Ká ní mo sọ òótọ́ níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ì bá bọ̀ sípò. Bọ̀dá Délé ń wò mí. Mo ní, "Rárá, sà. Ó dá dúró láàárọ̀ náà."

Ọ̀gá ní, "Ẹni tó ṣi káàdì tò lónìí lè ṣì í tò lọ́jọ́ owó oṣù." Wọ́n jáde. Wọ́n gbé téèpù ètò tuntun sórí pẹpẹ, a dúró sórí ti àtijọ́.

Nínú bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, Bọ̀dá Délé jókòó tì mí. Ó ní, "O ti mọ̀ láàárọ̀ pé kò ṣiṣẹ́, o ò sì pariwo rẹ̀; o ò fẹ́ dójú tì mí ni. O ṣeun." Mo kọjú sí fèrèsé.

Mo rò pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló máa padà wà. Irọ́ ni. Àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì sọ ọ́ ní "London". Tó bá wọlé, wọ́n á ní, "London, ẹ káàárọ̀ o!" wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó dẹ́kun ọ̀rọ̀ sísọ nínú bọ́ọ̀sì, iwájú lọ́dọ̀ dírẹ́bà ló ń jókòó sí. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Bọ́lá ṣì ń pè mí, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ á gbé àwo rẹ̀ wọ yàrá. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé òun kúrò l'Ékòó. Wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin. Mo bá wọn di ẹrù. Bọ́lá di ìró mi mú, wọ́n ní láti já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ohun tí mo ṣe kí wọ́n má baà lọ náà ló lé wọn lọ, mo sì padà sí ilé tó ń dá mi lóhùn.

Ètò àtijọ́ padà dá wàhálà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tún un ṣe. Àwọn arúgbó tí Bọ̀dá Délé sọ̀rọ̀ wọn wá ń jókòó síwájú ọ́fíìsì wa, wọ́n ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wọn, wọ́n ń retí owó wọn. Ó wá di dandan ká gba tuntun náà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹlòmíràn ni wọ́n rán lọ sí London. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá yàrá ẹ̀rọ.

Mi ò padà lọ́kọ. Ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni.

Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ewú ti wà lórí rẹ̀. Ó pariwo, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà!" Bọ́lá ni. Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ló ń gbé. Ìyá Bọ́lá ti kú, ó sì ti mú bàbá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó wá fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀. Bọ̀dá Délé di ọwọ́ mi méjèèjì mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà mo tún ti ń jẹun lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Bọ́lá mú fóònù bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, fóònù yín ti ń bẹ̀ yín tipẹ́ pé kí ẹ jẹ́ kí òun gba ètò tuntun. Ẹ kàn tẹ ibí yìí."

Bàbá gba fóònù náà, ó dà á dojú dé. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Tuntun tí mo bá fọwọ́ kàn máa ń bà jẹ́ ni. Bi àǹtí rẹ, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fi ìwàǹwára ba ti gbogbo ọ́fíìsì jẹ́, tí mo sì gba London lọ́wọ́ ìyá rẹ." Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òun nìkan ni kò pè mí ní London. Ìyá rẹ sọ ọ́ títí ó fi kú pé ọ̀rẹ́ gidi nìyẹn."

Ẹja inú àwo mi ni mò ń wò. Mi ò lè gbé ojú sókè.

Wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́lá ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ nípa irú èèyàn tí bàbá òun jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó kù láyé tó mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Mo ti gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n lọ bá a ṣáájú ọjọ́ náà, kí n sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé ó to káàdì rẹ̀ bó ṣe yẹ kó tò ó? Àbí kí n jẹ́ kí arúgbó náà di ọ̀rẹ́ tó rò pé òun ní mú? Mo máa ń sọ fún ara mi pé nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́. Irọ́ nìyẹn náà. Tí mo bá sọ ọ́, Bọ́lá ò ní wá gbé mi mọ́, n ó sì tún máa dá jẹun lọ́jọ́ Àìkú. Ohun tó mú mi purọ́ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ náà ló ń di ẹnu mi báyìí tí mo darúgbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń borí rẹ̀.